E ma ta

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Ọmọ tó bá kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, gègé pupa mi kì í ṣàánú rẹ̀. Èmi yìí náà ni mo rọ màmá mi pé kí wọ́n fi owó tí wọ́n kó jọ nídìí aṣọ títà ra ìpín ìdókòwò ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ta kọ̀ǹpútà, níbi tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́. Màmá mi ò fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n ní owó ọjọ́ ogbó àwọn nìyẹn, káwọn má baà di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Torí pé wọn ò mọ̀wé, orúkọ mi la fi rà á.

Ọjọ́ Ajé kan, nínú yàrá àwọn olùkọ́, olùkọ́ ìṣirò ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àwọn oníkọ̀ǹpútà yẹn ò ní jèrè kankan lọ́dún yìí, pé ìjọba ò fún wọn níwèé àṣẹ láti kó ẹ̀rọ wọlé. Ta ló sọ fún un? Wọ́n ní, wọ́n pé. Lọ́jọ́ kejì, iye ìpín náà wálẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wálẹ̀. Àwọn tó gbọ́ àhesọ ń tà, títà wọn ń fa iye rẹ̀ lulẹ̀, àwa tó kù wá ń wo iye tó já náà, à ń sọ pé òótọ́ mà ni.

Mo fi ìwé rán awakọ̀ kan tó ń ná Èkó sí àbúrò mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló mú èsì dé, àjákù bébà kan, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀: "Egbon mi, e ma ta. Mo n bo lojo Satide."

Ẹ máa tà! Bí ẹni tó wà nínú ilé-iṣẹ́ bá ní ká máa tà, kí ni mo tún ń dúró dè? Mi ò sọ fún màmá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá alágbàtà ìpín ní Èkó, mo ta gbogbo rẹ̀ ní iye yẹpẹrẹ tó bá mi níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, èrè wa lọ́dún yìí á yà yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa kéde ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí mo kọ pé kẹ́ ẹ má tà."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Má ni.

Wọ́n kéde èrè náà lóòótọ́, iye ìpín sì fò sókè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mi ò lè jẹ́wọ́. Ìbínú màmá mi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ojú tí wọ́n máa fi wò mí ni. Lọ́dọọdún, mo ń yọ nínú owó oṣù mi, mo ń dì í sínú àpò ìwé, mo ń mú un lọ fún wọn nílé wọn ní Ayépé. "Màámi, èrè yín rè é." Wọ́n á gbàdúrà fún àwọn oníkọ̀ǹpútà, èmi náà á ṣe àmín.

Lọ́dún kẹrin, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n kó àwọn àpò ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀, wọn ò tíì ṣí ọ̀kan.

"Mi ò ná kọ́bọ̀ ńbẹ̀," ni wọ́n wí. "Bá mi fi gbogbo ẹ̀ ra ìpín sí i."