Ọwọ́ Wàràwàrà Kì í Yá ní Sátidé

Ọkùnrin tó ń dirí ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ń dirí tí ọwọ́ rẹ̀ tún yá, ẹ ṣì máa wá a títí. Wàràwàrà ni wọ́n ń pe ẹni tí mò ń sọ yìí. Àárín àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin ló dàgbà sí. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń yarun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju àga mẹ́ta àti dígí gbọọrọ kan lọ, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá jókòó síbẹ̀, kó tó ro ẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tán, irun ti parí. Àwọn kan a tiẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Rọra jàre, mi ò tíì débi tó dùn."

Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tú ká, kóòtù ní kí ọmọbìnrin wọn máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí bàbá máa san owó ìtọ́jú, kó sì máa rí ọmọ ní Sátidé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Owó ò dá ìjà sílẹ̀, ó ń san án. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni wàhálà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, ojú Wàràwàrà á dà bíi ti ẹni tí wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yó.

Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó ní òun lòun á máa dirí ọmọ náà ní Sátidé. Á yà á, á tún un yà. Á lọ mu omi. Á wá òòyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá bá fi dé láti mú ọmọ, apá ọ̀tún ti di dídì, apá òsì ṣì dúró bí oko tí wọn ò tíì ro.

"Kí lèyí?" ni ìyá ọmọ bi í. Nọ́ọ̀sì ni, kò mọ irun ún dì. Tó bá fọwọ́ kan irun, àfi bí ẹni tó ń di ọgbẹ́.

"Ilẹ̀ ló ṣú. Jẹ́ kó wá lọ́la kí n parí ẹ̀."

Kí ni ìyá fẹ́ ṣe? Ọmọ ò lè gbé àbọ̀ orí lọ síléèwé. Ó mú un padà wá ní Sọ́ńdè. Sátidé mìíràn, bákan náà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú nọ́ọ̀sì, ó gba kóòtù lọ. Bí adájọ́ bá sì wá rí i pé ńṣe ni bàbá ń tàpá sí àṣẹ, Sátidé tó kù náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Wàràwàrà. Ó lọ bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, pé kó wá jẹ́rìí sí ìwà òun.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bèèrè ohun tó fa ẹjọ́. Wọ́n ní kó wá yin èèyàn, ó tó bẹ́ẹ̀.

Adájọ́, obìnrin kan tó fi gíláàsì sórí imú, kọ́kọ́ bi bàbá ọmọ pé, "Kí ló dé tí ẹ kì í dirí ọmọ yìí tán?"

"Ọwọ́ mi ni ò yá, mà. Irun ẹ̀ le, ó sì kún."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. "Irú èèyàn wo lọkùnrin yìí?"

"Màmá adájọ́, ẹ wo orí mi." Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣí ìborùn. "Àárọ̀ yìí ló dì í. Mo gbé omi kaná, kí omi tó hó, ó ti parí. Irun tèmi tó le bíi wáyà. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

Akọ̀wé kóòtù fi bébà bo ẹnu. Wàràwàrà ń wo bàtà ara rẹ̀. "Màmá, ó ti tó," ló rọra ń sọ fún un.

"Kò tíì tó. Mi ò tíì sọ ti ìyàwó àbúrò mi."

Adájọ́ yọ gíláàsì, ó nù ún, ó sì pẹ́ kó tó nù ún tán. "Bàbá ọmọ, mo tún bi yín. Kí ló dé?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ kó padà wá lọ́jọ́ kejì ni, mà. Tó bá ti lọ, ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń dákẹ́ jù."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "O ò wá lè sọ fún mi? Ìwọ tó lẹ́nu báyìí."

"Ṣé wàá gbà ni?"

"Mi ò ní gbà. Inú ṣì ń bí mi nígbà yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sọ́ńdè, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mo máa ń fi í sí. Kó máa sùn lọ́dọ̀ ẹ, mi ò kọ̀. Àmọ́ má sọ orí ọmọ mi di ẹ̀sín mọ́."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. "Ṣùgbọ́n kí irun parí ní Sátidé," ló ní. "Kóòtù ti gbọ́ bí ọwọ́ yín ṣe yá tó."

Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ Wàràwàrà níkùn. "Ṣé o rí i pé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, irun tán kó tó di ọ̀sán. Ọmọ náà fọwọ́ pa orí rẹ̀ yíká, ó yí àga padà, ó dojú kọ bàbá rẹ̀.

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

Wàràwàrà wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ìpàkọ́ ọmọ ló ń wò. Àfi bó ṣe rí i pé eyín iwájú kan ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ìgbà wo leyín yìí ká?"

"Ó ti pẹ́. Ìtàn ẹ̀ gùn, bàbá mi, ẹ jókòó."

Ó fa àga àwọn oníbàárà, ó jókòó. Ìtàn náà gùn lóòótọ́. Oòrùn wọ̀, wọ́n tanná, ẹnikẹ́ni ò sì wá pe ọmọ.