Ọjọ́ tí Patanmọ́ Lágúnjú Kọ̀ tí Kò Kí Ọkọ Ìyàwó

Gbogbo àdúgbò Mayfair ló mọ ìtàn ọjọ́ tí patanmọ́ Bàbá Lágúnjú dójú ti olówó rẹ̀ níwájú àna. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ọ rí, àlejò pátápátá ni ní Ilé-Ifẹ̀. Kó wá ibi jókòó sí.

Patanmọ́ yìí kì í ṣe irú èyí tó ń fà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Inú abọ́ tánńganran ni Bàbá gbìn ín sí. Ó fi wáyà bàbà inú rédíò àtijọ́ dì í nídìí, ó ń fi ìrẹ́kánná rẹ́ ẹ lórí, títí ohun tí Ọlọ́run dá kó máa wọ́ nílẹ̀ fi dìde dúró bí ìrókò. Ìrókò ni lóòótọ́, àmọ́ kò ga ju ife ìmumi lọ.

Bàbá ní igi náà ní ẹ̀kọ́ ilé ju ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì lọ: fọwọ́ kàn án, yóò tẹríba kí ọ. Bí ewé bá padé tán, tí ẹnì kan ń fi ìka là á padà, Bàbá yóò gbá a lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀! Tó bá yá, yóò ṣí fúnra rẹ̀."

Níbi ìpàdé àwọn onílé ni ẹnu ti kó bá a. Ó ní, "Ọkùnrin tí patanmọ́ mi ò bá kí, kò ní fẹ́ Ọlátẹ́jú ọmọ mi láéláé. Mo ti wí i!"

Dúrósinmí, aládùúgbò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, ní, "A gbọ́ o. Gbogbo wa la jẹ́rìí."

Ọlátẹ́jú kò mikàn. Ó mọ̀ pé igi náà kì í ṣojúsàájú. Ọwọ́ tó bá ti kàn án ló ń kí. Bẹ́ẹ̀ ló rò títí tí ẹbí Ìdrís, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fi dé láti Ìpetumodù wá tọrọ rẹ̀.

Bàbá gbé abọ́ sáàárín pálọ̀. "Ẹ kí i, yóò dá yín lóhùn." Nílé ọmọlúàbí, ta ni yóò jẹ́ kí ọmọdé ṣíwájú àgbà? Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ nawọ́. Ewé padé wìì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dúró kó ṣí padà, ó kan bàbá Ìdrís. Ó kan ìyá. Ó kan àwọn ẹ̀gbọ́n, ó kan àwọn àǹtí. Olórí ẹbí ní òun ò rí i dáadáa, kí òun tún un ṣe. Nígbà tó fi máa kan Ìdrís, tó kéré jù nínú wọn, kíkí ti sú patanmọ́.

Ìdrís fọwọ́ kàn án. Ewé ṣì là sílẹ̀ gbagada. Ó tún un kàn. Gbagada!

Dúrósinmí húkọ́. "Lágúnjú, ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ o."

"Mo mọ ẹnu mi!"

Ìyá Ìdrís ti ń tún ìró ró. Olórí ẹbí ti ń wo ibi tó gbé fìlà sí. Dorcas, ìyàwó Bàbá, rọra sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí pé, "Bàbá Tẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan wí."

Òógùn bo Bàbá. Ó wo igi. Ó wo ìdí kọ́tìnnì, níbi tí ẹsẹ̀ Ọlátẹ́jú méjèèjì ti yọ, tí wọn kò mira. Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó! Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kí là ń wí fún un? Ṣé kì í ṣe pé, 'Patanmọ́, àna rẹ ń bọ̀'? Àna lojú ẹ̀ ń tì. Ó rí ẹ̀yin, ó mọ̀ pé àna ni yín, ó kó ara jọ. Ó rí Ìdrís, ó ní ọmọ ilé nìyí. Ta lojú ọmọ inú ilé ń tì?"

Dúrósinmí gan-an ti ṣe àmín kó tó rántí pé wọn ò tíì gbàdúrà.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Bàbá rí patanmọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà tí ìdí rẹ̀ ki dáadáa. Ó hú u tòun ti gbòǹgbò, ó fi nylon wé e, ó wọ takisí lọ sí Ìpetumodù. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ni pé bí wọ́n bá hú patanmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ a máa rùn bí ìsó. Òjò ń rọ̀, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì.

"Ta ló só?" Dírẹ́bà fi ìbínú tẹ bíréèkì. "Ẹni tó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ́wọ́!"

Alhaja kan wo olùkọ́ kan. Olùkọ́ wo Alhaja. Bàbá gbé nylon lé itan, ó mirí tìyanu-tìyanu. "Ayé ti bàjẹ́."

Ọ̀dọ́kùnrin onítáì kan tó ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, torí ẹni tó sùn ò lè wíjọ́. Bàbá ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Bàbá dágbére fáyé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún, ìtàn ń lọ, ẹ̀rín ń sọ. Ọlátẹ́jú nìkan ló jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé abọ́ patanmọ́ kan lé itan, kò jẹ, kò sọ̀rọ̀. Àwọn àǹtí ń fà á lápá. Dorcas fẹ́ gbé e dìde. Ìdrís rọra di ọwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Tó bá yá, yóò ṣí fúnra rẹ̀."

Dúrósinmí ló ń sọ̀rọ̀ takisí lọ́wọ́. Ó mirí bíi ti olóògbé: "Ayé ti bàjẹ́!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọlátẹ́jú láìròtẹ́lẹ̀. "Bàbá Dúrósinmí, èmi ni wọ́n ń gbé e bọ̀ wá fún. Òun náà nìyí." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Omijé kan já bọ́ sórí igi náà, ewé rẹ̀ sì padé.

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Gbogbo ilé ń dúró kó ṣí.