Ìpè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́

Nígbà ọ̀dọ́ mi, ọgọ́rùn-ún fáránkì ni mo ń san tí ọkọ̀ fi ń gbé mi láti Ṣakẹ́tẹ́ dé Pọbẹ̀, mo sì tún ń rí ṣẹ́ńjì ra àkàrà. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún méjì ni ọlọ́kọ̀ gbà lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò tiẹ̀ wo ti ewú orí wa. Owó ìwé àtirí dókítà lónìí, ìyá wa ì bá fi ra ewúrẹ́ láyé ìgbà yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń há, àgbàdo rẹ̀ sì ń gbẹ lóko ní Yoko. Ìyá Onígàrí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí gàrí ló ń tà lọ́jà Ṣakẹ́tẹ́ láti ìgbà tó ti relé ọkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá wa nìkan ló ń fi pè é. Ìyá wa sì ti kú tipẹ́.

Nílé ìwòsàn kékeré kan ní Pọbẹ̀, a jókòó sórí bẹ́ńṣì. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ohùn kan ti pe orúkọ yẹn gan-an, tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. Wọ́n tún un pè. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

"O rí ojú ẹni tó ń pè mí?"

"Rárá."

"Èmi náà ò rí i. Látìgbà tí ara mi ti rí báyìí ni ìyá wa ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ létí oko. Mi ò dá a lóhùn lóko, ibí kọ́ ni n óò ti wá dá a lóhùn."

Nílẹ̀ wa, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Mo lọ sí yunifásítì, mo kàwé àwọn Faransé, síbẹ̀ irun ara mi dìde. Wọ́n ti pe ẹlòmíràn wọlé. Bí wọ́n bá fò ó, ilé la máa padà sí, n kò sì rò pé ó máa rí ọjà tó ń bọ̀.

Mo ká aṣọ ìkélé. Dókítà náà kò dàgbà ju ọmọ ọmọ mi lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é lórúkọ. Ẹ jáde kó rí yín, kẹ́ ẹ pè é ní Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí mo bá pe Ìyá níta yìí, gbogbo bẹ́ńṣì ló máa dìde. Bí mo bá wá fi abẹ́rẹ́ tiwọn gún ẹlòmíràn ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ kú ìjókòó. Èmi ni mo pè yín. Ẹ fẹnu ara yín sọ orúkọ yín fún mi, kí n má baà ṣìṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ahoyéyé, ìyá."

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná gàrí bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́!"

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá sọ orúkọ náà sí i létí.

Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn náà fún ìtọ́jú. Lójoojúmọ́, dókítà á kọ́kọ́ dúró níbi tó ti lè rí i, á kí i, kó tó fọwọ́ kàn án. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í, ó ń tòògbé. Àwa méjì péré la wà ní yàrá, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó lajú, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó dáhùn pé, "Ìn, ìyá mi."

Kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣe. N kò sọ pé nǹkan mìíràn ló pa á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń ro àwọn tó kù tó lè pe èmi náà lórúkọ tí wọ́n sọ mí, láìfi Bàbá kún un. Àwọn òbí wa ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Nínú àwa tí a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, ọ̀kan kú sí Kutọnu, ọ̀kan kú sílùú òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ní Ṣakẹ́tẹ́ ṣì wà láàyè, àmọ́ àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ orúkọ mi lọ́jọ́ kan, n óò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń pè mí kí n tó dáhùn.