Òrí Tí Mo Yọ́ Sí Ojú Kọ́kọ́rọ́

Láyé òyìnbó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan nígbà ọyẹ́, kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń tan ọkọ̀ akẹ́rù mi tó ti gbó há sínú ihò rẹ̀ ní Ọ̀tà. Erin méjì ò lè yí i. Àwọn èrò mi sì ti jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi, awakọ̀ tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ́ òrí sí i, kẹ́ ẹ ní sùúrù."

Òrí ni a fi ń ra orúnkún tó le, mo bá gbà á gbọ́, mo sì yọ́ ọ sínú ihò náà. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé ọyẹ́ á mú un dì. Ó dì bí òkúta lóòótọ́!

Kí n tó gbójú sókè, ó ti kó gbogbo èrò mi sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ìyàwó mi, tó ń gbé ata lọ sọ́jà, ló jókòó síwájú.

"Baálé mi," ló wí, "ata mi ò lè dúró de kọ́kọ́rọ́ yín."