Ọjọ́ Tí A Kò Jó Tẹ̀lé Olùkọ́

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ìjà tí orin kò lè parí. Èmi ni adárin ìjọ wa ní Agblangandan lẹ́bàá Kútọnu nígbà náà, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń ránṣọ ní Cadjèhoun láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò yẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ wa kò tóbi. Àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn Nàgó díẹ̀ láti Pobè àti Kétu. A kò lówó, ṣùgbọ́n a mọ ìdúpẹ́ ṣe. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore yóò jáde síwájú, èmi yóò gbé orin, gbogbo ènìyàn yóò sì dìde láti jó tẹ̀lé e dé ibi pẹpẹ. Ẹni tó bá ń bá ọ jà tẹ́lẹ̀, tó bá ti jó tẹ̀lé ọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ, ìjà ti tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún dá a sílẹ̀.

Nínú agboolé tí mo ń gbé ni Ìyá Onígaàrí ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Opó ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá kí i láàárọ̀ nígbà tó ń múra ọjà Tòkpá, yóò kọ́kọ́ gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dáhùn, nítorí kò fẹ́ràn kí èèyàn máa ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan. Èmi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ikùn mi. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí olùkọ́ ọmọdé nínú ìjọ wa ń kọ́ ní Bíbélì lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo wa la fẹ́ràn olùkọ́ yìí. Ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní òun kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì pariwo. Ó jókòó tì í títí ó fi sọ pé olùkọ́ máa ń dá òun nìkan dúró nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ, ó sì sọ ohun tó ń ṣe sí òun. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ọmọdé ni.

Ìyá Onígaàrí lọ bá olùṣọ́-àgùntàn wa lọ́jọ́ kejì, ó sì ti ibẹ̀ gba kọmísáríà, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, lọ. Ìrìn kejì yìí ló bí àwọn alàgbà nínú. Wọ́n lọ dúró fún olùkọ́ tí ọlọ́pàá ti mú, kí wọ́n lè jẹ́ kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́, lẹ́yìn náà wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n pe èmi náà, pé bóyá aládùúgbò lè bá wọn bẹ Ìyá Onígaàrí. Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún, ó ní iṣẹ́ Èṣù ni.

Alàgbà tó dàgbà jù ní, "Ìyá, bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Òmíràn ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ lọ gba ẹjọ́ yẹn padà. Bí èyí bá jáde, ta ni yóò tún gbà wá gbọ́ ní Kútọnu yìí?"

Èmi náà fi ohùn dídùn mi sí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ dárí jì í."

Obìnrin náà wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì í." Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "Halelúyà!" ti gba gbogbo ilé kan, tèmi ló sì ròkè jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, olùṣọ́-àgùntàn kéde pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé olùkọ́ yóò ṣe ìdúpẹ́, yóò sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùkọ́ bọ́ síta nínú aṣọ funfun. Mo gbé orin. Àwọn èèyàn dìde, gbogbo ojú sì yí sí Ìyá Onígaàrí, nítorí òun ló yẹ kó kọ́kọ́ jó tẹ̀lé e. Ó dìde lóòótọ́. Ó rìn, kò jó. Ó dé iwájú, ó kọjú sí wa, ó dúró jẹ́ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé orin, n kò dá orin ìdúpẹ́ dúró lágbedeméjì rí, èèwọ̀ ni lójú wa. Lọ́jọ́ náà, mo dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti dárí jì í, mo sì ń gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n n ò ní jó tẹ̀lé e, n ò sì ní gba ẹjọ́ padà. Ohun tó jẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìbínú, mo ti jù ú nù. Àwọn ọmọ yín kì í ṣe tèmi tí n ó fi jù wọ́n nù."

Ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo ń gbé orin ògo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò tíì rí ògo rí àfi ọjọ́ náà, lára obìnrin tí èérún gaàrí ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ìyá Ìjọ wa, arúgbó Nàgó láti Kétu, sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, ẹ̀yin èèyàn mi, orí ọmọ sì wọ́." Ó jókòó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni a ń jókòó, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi ku olùkọ́ nìkan lórí ìdúró, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Olùṣọ́-àgùntàn jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó bojú. Nígbà tó gbójú sókè, ó jẹ́wọ́ pé ìyá kan ti mú irú ẹjọ́ yìí wá bá òun rí, òun sì ní kó máa gbàdúrà. Ó tẹ̀lé Ìyá Onígaàrí lọ sí kọmísáríà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kò sì gun pẹpẹ mọ́.

Wọ́n mú olùkọ́ lọ sí ẹ̀wọ̀n kó máa dúró de ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní èèyàn níta, ebi a máa pa á níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan mo rí Ìyá Onígaàrí tó ń di oúnjẹ. Mo bi í ta ló ní i. Nígbà tó sọ fún mi, inú bí mi débi pé mo fẹ́ da abọ́ náà nù. Ó ní kí n bá òun lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, olùkọ́ gba oúnjẹ, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá ti dárí jì mí tọkàntọkàn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tú mi sílẹ̀."

Ó dáhùn pé, "Oúnjẹ ni mo lè gbé wá. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Bó bá sì wà lọ́wọ́ mi, n ò ní ṣí i. Ẹ jẹun, kó má tutù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, ó dúró níwájú adájọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i, láìyọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún olùkọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ìró ìkòkò rẹ̀ láti àárọ̀, ó tún ń se oúnjẹ ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ní ìjọ wa báyìí, àgbàlagbà kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ, a kì í sì í ti ilẹ̀kùn kíláàsì wọn. Ọmọbìnrin náà kò wọ ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ kò sì fi ipá mú un. Mo máa ń ronú nípa obìnrin yẹn, tí kì í ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe gbé ìdáríjì àti ẹjọ́ lórí kan náà tí ọ̀kan kò ti èkejì ṣubú. Bóyá lójú tirẹ̀ nǹkan kan ṣoṣo ni. Orí mi ṣì ń wú bí mo bá rántí.

Lọ́dún yìí ni ọmọ náà gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ irun tó kọ́. Nínú agboolé wa ló ti ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Tántì, màmá ní ẹ ò parí orin kan nítorí mi. Ẹ parí ẹ̀ lónìí."

Ohùn mi ti há báyìí, kò dùn mọ́. Mo gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà jó síwájú, Ìyá Onígaàrí gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jó tẹ̀lé e.