Wọ́n Wọn Kókó Àgbọ̀n Mo-Rí-i Títí Ó Fi Kú

Mo-Rí-i ti kú o. A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a fi aṣọ bo àgbọ̀n rẹ̀ dé imú, nítorí ìyàwó rẹ̀ ní ìran tí àwọn dókítà fi ọkọ òun wò láyé ti tó, kò gbọdọ̀ tún di ìran nínú pósí. Kókó inú egungun àgbọ̀n ló pa á, bí ilé ìwòsàn ṣe wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: kókó kò dá a pa. Ó ní olùrànlọ́wọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n sì mú rúlà lọ́wọ́.

Ta ni Mo-Rí-i? Olùkọ́ eré ìdárayá ni, rẹfirí bọ́ọ̀lù ni, oníjàngbọ̀n ọ̀rẹ́ sì ni. Nígbà tí mò ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ó fún mi ní káàdì pupa lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó mi.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fọwọ́ kan ọmọ yẹn!"

Ó ní, "Mo rí i."

Gbogbo pápá ní irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ò rí i. Èmi rí i." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ibi ìgbéyàwó, ó sì jẹ ẹran ju ọkọ ìyàwó lọ.

Ehín ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Wọ́n yọ ehín, àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ilé ìwòsàn ńlá fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara, wọ́n ní kókó ti mú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń rìn káàkiri ara. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, tí wọ́n bá gé e kúrò, ó bùṣe.

Wọn ò gé e.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ehín àti àgbọ̀n níbẹ̀ ń ṣèwádìí bí irú kókó bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára dàgbà tó. Wọ́n á ya àwòrán, kọ̀ǹpútà á gé àwòrán náà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì, á sì sọ iye tí kókó fi tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bú u. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń yára jó ni yóò mọ ìgbà tó yẹ kí òun sáré bu omi. Àbí kí ni a fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe? Ká fi lé iná lọ́wọ́? Gbogbo ìgbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀kan sí i."

Mo tẹ̀lé Mo-Rí-i àti ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwòrán tuntun, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. "Ó mà ń dàgbà dáadáa o!"

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, dá a lóhùn: "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ká sọ ọ́ lórúkọ ni?"

Dókítà kékeré kan bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá fojú pa á lẹ́nu mọ́. "Ẹ fara balẹ̀, màdámù. Iṣẹ́ ìwádìí kì í kánjú. A ti rí i pé ó ń lọ sókè."

Mo-Rí-i sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé òkúta sẹ́nu. "Ẹ̀yin ń rí i. Èmi ni mò ń gbé e."

Nígbà tó yá, ehín rẹ̀ kò lè di fèrè mú mọ́, àtẹ́wọ́ ló fi ń darí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n jáwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ oúnjẹ kúnná kó lè fà á mu. Síbẹ̀, ó ní, "Bí mo bá fi kókó yìí kan bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé wo ló máa mú un?" Kókó dí i lọ́fun. Ibi tó ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ nínú wọ́ọ̀dù wọn ló kú sí.

Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ṣe àpérò ńlá ní gbọ̀ngàn tó wà lókè wọ́ọ̀dù náà gan-an. Mo lọ gẹ́gẹ́ bí oníròyìn tí mo jẹ́. Àwòrán àgbọ̀n ọ̀rẹ́ mi ń yí po lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n kun kókó ní pupa. Ehín iwájú tí bọ́ọ̀lù kán ni mo fi dá a mọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin dókítà kan béèrè pé, "Báwo ni ọ̀rọ̀ aláìsàn yìí ṣe parí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Kò padà wá mọ́."

Mo dìde. "Ibo lẹ fẹ́ kó ti padà wá? Inú wọ́ọ̀dù yín ló kú sí, lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé yìí!"

Wọ́n ní àkókò ìbéèrè ti parí, tíì ti délẹ̀.

Ẹ mu tíì yín, ẹ jẹ bisikíìtì sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú? Ṣé ẹnì kan sọ fún Mo-Rí-i pé ìwádìí ló ń dá a dúró, kì í ṣe àìsàn? Ẹ yọ àgbọ̀n rẹ̀ kúrò lára ògiri yín, ẹ̀yin tí ẹ kò yọ kókó kúrò lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, opó rẹ̀ àti èmi ń bọ̀ ní ọ́fíìsì alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. A ò wá gba "ẹ pẹ̀lẹ́". Orúkọ la wá gbà: orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n dúró.