Àmì Pupa Lára Ilé Alájà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tó bá fi erùpẹ̀ yí aṣọ ni wọ́n ń nà ládùúgbò wa. Ẹ̀ṣẹ̀ èmi àti Sàídì àbúrò mi ju ìyẹn lọ. Ohun tó mọ́ tónítóní làwa máa ń sọ di ìdọ̀tí, a ó sì tún máa fi yangàn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà létí ojú irin l'Agége á ti mọ irú ilé tí à ń gbé, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọbẹ̀ máa ń mì nínú ìkòkò bí rélùwéè bá ń kọjá. Alájà ni onílé wa, opó ará Ìjẹ̀bú tí ohùn wọn ju fèrè rélùwéè lọ. Ọkọ wọn ló kọ́ ilé náà kí wọ́n tó jáde láyé. Àràárọ̀ ni Alájà máa ń fi aṣọ tútù nu ògiri iwájú ilé nítorí èéfín. Wọ́n á ní ilé tí ọkọ àwọn fi sílẹ̀ fún àwọn kọ́ ni rélùwéè máa sọ di ilé ìdáná.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń kó páálí tí wọ́n gé kù níbẹ̀ wálé kí màmá wa lè fi dáná. Díẹ̀ nínú ẹ̀ ló ń dé ìdí iná. Èyí tó kù, a fi kọ́ àdúgbò wa látòkè délẹ̀ sórí ilẹ̀kùn àlòkù kan tó wà lẹ́yìn ilé. Irin agbòòrùn tó ti kán la fi ṣe ojú irin, a to igi ìṣáná sábẹ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà láàárín igi náà ló kọ́kọ́ fún wa ní wàhálà, àfìgbà tí Sàídì rántí asẹ́ tí màmá wa fi ń sẹ́ ògì. A fi sẹ́ yanrìn, a rí òkúta tó wù wá, a sì dá asẹ́ padà jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wa bu ẹ̀kọ sẹ́nu, eyín wọn ró kà. Orí ìkúnlẹ̀ la wà, ọwọ́ wa lókè, títí tí gbogbo ilé fi jẹun tán.

Agolo sàdíìnì la fi ṣe rélùwéè. Páálí la fi kọ́ ilé gbogbo èèyàn, àyàfi ti Alájà. Torí pé àwọn ni onílé, a fi agolo mílíìkì ńlá kọ́ tiwọn, a sì fi ọ̀dà tó kù nígbà tí wọ́n kun ilé gan-an kùn ún. Ó rẹwà débi pé a pe gbogbo ilé jáde wá wò ó.

Bùọ̀dá Mùtíù, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ń dán jù. Rélùwéè wo lẹ ti rí tó ń dán báyìí l'Agége?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan di àtijọ́ nìyẹn. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sára agolo, a fi iyọ̀ pa á, a sá a sóòrùn. Kò pẹ́ tó fi dógùn-ún bíi pé ó ti wà láyé ṣáájú bàbá wa. A fọ omi ewé tíì sára ilé páálí títí ojú ògiri fi rí bíi ti ilé tí òjò ti ń pa látọjọ́ tó ti pẹ́. Èédú ìdí ìkòkò la fi kun orí páànù, ti Alájà pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ yìí wọ̀ wá lára tán, a dán ọsàn àti iyọ̀ wò lára tíréè tuntun tí wọ́n fi ta màmá wa lọ́rẹ. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ orogún ò lè jẹ irú ẹgba bẹ́ẹ̀. Màmá wa ń nà wá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ohun tí ọlọ́mọ ń fọ̀ kó lè mọ́, ọmọ tiwọn ń fi ọsàn bà á jẹ́.

Fóònù tí Bùọ̀dá Mùtíù yá wa ti fọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó ń ya fọ́tò dáadáa. Fọ́tò tí a kọ́kọ́ yà jọ ohun ìṣeré lásán. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ ti ga jù fún un ni. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bí èèyàn tó dúró ń dúró de ọkọ̀ ṣe máa wò ó." Ni mo bá nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Sàídì tan kóìlì ẹ̀fọn sẹ́yìn rélùwéè kí èéfín lè máa rú. Ibi tí mo sùn sí yẹn ni Alájà bá mi.

"Ìwọ Bíọ́lá, obìnrin wo ló ń dọ̀bálẹ̀? Ta lo tiẹ̀ ń kí nílẹ̀ yẹn?"

Mo ní rélùwéè ni. Wọ́n pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ. Àmọ́ fọ́tò ọjọ́ yẹn jáde bíi pé rélùwéè gidi ló ń bọ̀ wá gbé èèyàn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ mọ àmì pupa yẹn, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n máa ń fi ọ̀dà fà sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Àwọn ilé kan lódìkejì ojú irin ti ní i. Sàídì wo iṣẹ́ wa, ó ní ògiri ti Alájà nìkan ló mọ́, kò jọ òótọ́. Mo mú ìtọ́tè màmá wa, mo fà á sára ògiri agolo náà, pupa fòò. A dọ̀bálẹ̀, a yà á. Alájà ti lọ sí òde òkú ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ yẹn. Bùọ̀dá Mùtíù rí fọ́tò náà, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e sójú Wọ́sáàpù kí gbogbo ojúlùmọ̀ lè rí i. Ọmọ Alájà obìnrin rí i, ó sì pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù pé wọ́n ti fa àmì sára ilé.

Lọ́jọ́ kejì, a ń ṣeré lọ́wọ́ nígbà tí Alájà já wọlé láìwé gèlè, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. A kí wọn, wọn ò jẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri iwájú ilé, wọ́n yí gbogbo ilé po.

"Ibo ló wà? Ibo ni wọ́n kùn ún sí?"

Ìgbà tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. N kò rí ẹkún Alájà rí, ẹ̀rù bà mí gan-an. Sàídì, orí ẹ̀ ò pé, lọ gbé ilé agolo náà wá. "Ibí ló wà, Alájà."

Alájà wò ó, wọ́n fi itọ́ sétí ìró wọn, wọ́n nu àmì náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rántí etí wa méjèèjì.

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di onílé ilé agolo. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ kun páànù mi ní dúdú?" Wọ́n á nù ún. Bí wọ́n bá yísẹ̀ padà, àwa náà á tún fi èédú kùn ún.

Ọdún yẹn ò tíì parí nígbà tí Alájà gbá ilẹ̀kùn wa ní kùtùkùtù, pàṣán lọ́wọ́. "Bíọ́lá! Sàídì! Ẹ ti kúrò lórí agolo, ẹ wá bọ́ sórí ilé mi gan-an!" Kí a tó lajú tán, ẹgba ti dé. Nígbà tí wọ́n wọ́ wa jáde, a rí i lára ògiri, ó ga jù mí lọ, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣàn wálẹ̀. A búra pé àwa kọ́. Wọ́n gbé kẹrosíìnì àti àkísà wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń fọ̀ ọ́. Kò lọ. Bùọ̀dá Mùtíù ló rọra sọ fún wọn pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ojú irin tuntun ló wá lánàá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí Alájà wà ní mọ́ṣáláṣí.

Alájà ju àkísà sílẹ̀. Wọ́n di èjìká Sàídì mú.

"Sàídì, jọ̀ọ́, sọ pé ẹ̀yin ni. Mi ò ní nà yín mọ́."

Sàídì, tí kì í jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, wo ojú wọn, ó sì jẹ́wọ́ èyí tí kò ṣe. "Àwa ni, ma. Ẹ má bínú." Alájà fà á mọ́ra. Mo bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí ẹgba.

Lónìí, rélùwéè tuntun ń kọjá níbẹ̀, ó ń dán, èéfín ẹ̀ ò dọ̀tí ògiri ẹnikẹ́ni, torí kò sí ògiri níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nílò ọsàn àti iyọ̀. Fóònù ló ń bá wọn sọ fọ́tò di àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó ń nà wọ́n. Èmi ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún rélùwéè agolo ní tèmi, mo sì ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé agolo Alájà wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Bí mo bá fẹ́ ya fọ́tò, màá lọ yá a lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì kìlọ̀ fún mi nípa èédú.

Àwọn tó ń wo fọ́tò mi máa ń yìn mí. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ló jọ òótọ́, àfi ilé kan báyìí tó mọ́ jù. Wọn ò mọ̀ pé onílé rẹ̀ ṣì wà láyé, àti pé àràárọ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún.